Ọmọ Tó Ń Ṣe Ẹ̀sìn, Tí Wọn Kò Kà Kún Ẹlẹ́sìn: Àkọsílẹ̀ Ẹjọ́ Kan Lórí Iléèwé Tí Owó Ìlú Ń Gbé Ró

Ní ọdún 2007, ọmọkùnrin kan tó tó wọ iléèwé girama ní Lọ́ńdọ̀nù bèèrè àyè ní iléèwé àwọn Júù kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Ìjọba ló ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ ibẹ̀, owó orí gbogbo èèyàn ló sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọmọ náà ń lọ sí sínágọ́gù. Ó ń fi èdè Hébérù gbàdúrà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wọn níbẹ̀. Júù ni bàbá rẹ̀. Síbẹ̀ iléèwé dá wọn lóhùn pé kò sí àyè, nítorí pé lójú ọ́fíìsì tí iléèwé gbára lé láti mọ ẹni tó jẹ́ Júù, ọmọ yìí kì í ṣe Júù.

Nínú ìwé ilé ẹjọ́, M ni wọ́n pe ọmọ náà, E ni wọ́n pe bàbá rẹ̀, kí aráyé má baà dá ọmọ mọ̀. Bí èmi náà yóò ṣe máa pè wọ́n nìyẹn, n ó sì fi orúkọ iléèwé náà sílẹ̀. Àwọn tí irú ọ̀rọ̀ yìí ń bọ́ sí lọ́wọ́ ni mò ń kọ ọ́ fún: àwọn tó jókòó sínú ìgbìmọ̀ alábòójútó iléèwé, àwọn pásítọ̀ àti àlùfáà tí òbí ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá, àti àwa tí a ń bá òbí wá iléèwé fún ọmọ. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú gbogbo wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. N kò tíì rí ẹjọ́ mìíràn tó tú ìdí ọ̀rọ̀ iléèwé ẹlẹ́sìn sílẹ̀ tó èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú iléèwé tí à ń sọ. Ní England, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn iléèwé tí ìjọba ń náwó lé lórí ló jẹ́ ti ẹlẹ́sìn. Ti ìjọ Áńgílíkà àti ti Kátólíìkì ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ìjọ ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé tipẹ́ kí ìjọba tó dá sí i, nítorí náà nígbà tí òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1944 dé, ńṣe ni ìjọba bá wọn dúnàádúrà. Iléèwé tó fẹ́ di ọ̀pọ̀ àṣẹ mú sọ́wọ́ ara rẹ̀ di èyí tí wọ́n ń pè ní voluntary aided. Ìjọba ń san owó iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ tàbí àtúnṣe ńlá bá dé, ìgbìmọ̀ alábòójútó a dá tiwọn sí i. Lónìí, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n ń bi wọ́n, ìjọba ń san ìyókù. Síbẹ̀ ìgbìmọ̀ yìí ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tiwọn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ, àwọn náà ló sì ń kọ ìlànà tí wọn yóò fi gba ọmọ wọlé. Àwọn Júù ti wà nínú àdéhùn yìí tipẹ́. Ọdún 1998 ni iléèwé àwọn Mùsùlùmí tó kọ́kọ́ rí owó ìjọba gbà, ní Brent ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń bèèrè. Mo mẹ́nu bà á kí a lè rí i pé ọ̀rọ̀ ta ni owó ìlú tọ́ sí ti wà nílẹ̀ kí M tó dé.

Láti ọdún 1732 ni iléèwé tí M fẹ́ wọ̀ ti wà. Ọmọ àwọn Júù tó tálákà ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ àwọn tó sá wá láti ilẹ̀ mìíràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti di iléèwé ńlá tó ní nǹkan bí 2,000 ọmọ, ó ti lórúkọ rere, àwọn tó ń bèèrè àyè níbẹ̀ lọ́dọọdún sì ju àyè tó wà lọ dáadáa. Níbi tí àyè bá ti pọ̀, ìlànà ìgbàwọlé kì í dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀wọ́n àyè ló ń sọ ìlà kan nínú ìwé di ẹjọ́.

Òfin méjì ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà iléèwé yìí. Ọ̀kan gba iléèwé ẹlẹ́sìn láàyè láti fi ọmọ ẹ̀sìn tirẹ̀ ṣáájú bí àyè kò bá kárí. Èkejì, òfin ìbáṣepọ̀ ẹ̀yà ti ọdún 1976, kò gba iléèwé kankan láàyè láti fi ìran tàbí ẹ̀yà yan ọmọ, ìbáà ṣe ẹlẹ́sìn, ìbáà má ṣe ẹlẹ́sìn. Iléèwé Kátólíìkì lè pa òfin méjèèjì mọ́ láìsí wàhálà: ẹni tí wọ́n bá ti rì bọmi ni Kátólíìkì, ì báà ti Ìjẹ̀bú wá, ì báà ti Poland wá. Àmọ́ ẹ̀sìn ni ti àwọn Júù, ìran sì tún ni. Ní 1983, nínú ẹjọ́ ọmọ Sikh kan (àwùjọ ẹlẹ́sìn kan tó ṣẹ̀ wá láti India) tí iléèwé kò fẹ́ gbà nítorí láwàní orí rẹ̀, àwọn adájọ́ àgbà ti ṣàlàyé ohun tó ń sọ àwùjọ kan di ẹ̀yà lójú òfin yìí: ìtàn tí wọ́n jọ ní, àṣà tí wọ́n jọ ń tẹ̀ lé, àti àwọn nǹkan mìíràn tó jẹ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé àwọn Júù kò bá ìwọ̀n yẹn mu.

Ìlànà iléèwé náà ṣe pàtó. Bí àwọn tó ń bèèrè bá ti ju àyè lọ, àwọn ọmọ tí ọ́fíìsì Olórí Rábì bá gbà pé wọ́n jẹ́ Júù, tàbí àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di Júù lábẹ́ ọ́fíìsì yẹn, nìkan ni wọn yóò gbà. Ìlànà àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, àwọn Júù tó di òfin àtijọ́ mú ṣinṣin, ni ọ́fíìsì náà ń tẹ̀ lé, ọ̀nà ìyá ni ìlànà yẹn sì ń tọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ilé bàbá ni ọmọ ti ń jogún oríkì. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ Júù ni Júù. Bí wọn kò bá bí ìyá ní Júù, àfi kí ó ti di Júù ní ọ̀nà tí ọ́fíìsì náà fọwọ́ sí, kí ó tó bí ọmọ.

Ará Ítálì ni ìyá M, inú ìjọ Kátólíìkì ló sì dàgbà sí. Ó di Júù kí ó tó bí M. Àmọ́ rábì tí kì í ṣe Ọ́tódọ́ọ̀sì ló ṣe ètò ìyípadà náà fún un, ọ́fíìsì Olórí Rábì kò sì ka irú ìyẹn sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún M ni kí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìyípadà lábẹ́ wọn, èyí sì lè gba ọdún mélòó kan. Ní ọwọ́ kejì, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù, tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, tí kò sì tẹ sínágọ́gù rí, ní ẹ̀tọ́ sí àyè ṣáájú M. Ibi tí ìdí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, ilé ẹjọ́ kò sì lè gbójú fò ó.

E kọ́kọ́ gba ọ̀nà tí gbogbo òbí ń gbà: ó gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òbí tí wọn kò gba ọmọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò dá a láre. Wọ́n ní ohun tí E ń bá jà ni ìlànà fúnra rẹ̀, ìyẹn kò sì sí ní ìkáwọ́ àwọn. Ohun tí wọ́n lè yẹ̀ wò ni bóyá iléèwé tẹ̀ lé ìlànà tó kọ sílẹ̀. Iléèwé sì ti tẹ̀ lé e láìyẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ òbí wa tó ń forí sọ ògiri yìí. Wọn a kó ìwé ẹ̀rí jọ, wọn a wọ aṣọ tó dáa, wọn a lọ ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ pé ìlànà iléèwé kò bójú mu, ìgbìmọ̀ a tẹ́tí sí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn a sì padà lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó ní agbára lórí ìlànà ni Schools Adjudicator, òṣìṣẹ́ tí òfin yàn láti máa gbọ́ àtakò sí ìlànà ìgbàwọlé. E dé ibẹ̀ náà. Ohun tó ń wá kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìgbà náà ló gbé iléèwé àti adjudicator lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga.

Ní July 2008, Adájọ́ Munby dá ẹjọ́ náà. Lójú tirẹ̀, ẹ̀sìn ni iléèwé fi yan ọmọ. Ìwé òfin ẹ̀sìn Júù ló sọ ẹni tó jẹ́ Júù, bí ọ̀nà ìyá bá tiẹ̀ wà nínú rẹ̀, òfin ẹ̀sìn náà ni. Ó tún rí i pé bí òun bá dá E láre, kì í ṣe iléèwé yìí nìkan ni yóò kàn. Ohun kan ṣoṣo tó dá iléèwé lẹ́bi sí ni pé kò ka ojúṣe tí òfin gbé lé e lọ́wọ́ sí tó, pé kí ó máa ronú lórí bí ìpinnu rẹ̀ ṣe ń kan àwọn ẹ̀yà. Ìyẹn kò lè fún M ní àyè.

Ìdájọ́ yìí kò tẹ́ E lọ́rùn, ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní June 2009, àwọn adájọ́ mẹ́ta yí ìdájọ́ náà padà. Ìbéèrè wọn yàtọ̀. Wọn kò bèèrè ibi tí òfin iléèwé ti wá. Wọ́n bèèrè ohun tí òfin náà ń wò lára ọmọ. Wọ́n fi iléèwé Kristẹni ṣàpẹẹrẹ: bí irú iléèwé bẹ́ẹ̀ bá kọ ọmọ tí òun àti òbí rẹ̀ jẹ́ Kristẹni tó ń ṣe ẹ̀sìn wọn dáadáa, nítorí pé ìran Júù ni ìdílé wọn ti ṣẹ̀, kí ni iléèwé náà fẹ́ wí tí wọn yóò fi gbọ́? Bó bá sọ pé ẹ̀kọ́ ìjọ òun ló wí bẹ́ẹ̀, ìyẹn kò yí ohun tó ṣe padà. Bákan náà ni ti M rí lójú wọn. Ìdájọ́ wọn ni pé kí iléèwé máa fi ìgbàgbọ́ àti ìṣe yan ọmọ bó bá fẹ́ fi ẹ̀sìn yàn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí, ó sì yí kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ̀rọ̀ rárá. Ọdún iléèwé kò dúró de adájọ́. Ìgbìmọ̀ alábòójútó ní láti kọ ìlànà tuntun kíá fún àwọn tí yóò wọlé ní September 2010. Wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù kan tí yóò fi hàn pé ọmọ ń ṣe ẹ̀sìn. Wọ́n ń fún ọmọ ní máàkì lórí iye ìgbà tó lọ sí ìsìn ní sínágọ́gù, lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tó ti kọ́, àti lórí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ìdílé rẹ̀ ti ṣe láwùjọ àwọn Júù. Ìjì ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn tí wọn kò tíì fi ìsìn wọn ẹnìkan wò rí lórí ọ̀rọ̀ iléèwé. Ìdílé tó jẹ́ Júù láti ìran dé ìran, tí kì í lọ sí sínágọ́gù ju ọjọ́ ńlá lọ, wá rí i pé ìran nìkan kò tó mọ́. Nígbà ọdún tuntun àwọn Júù ní September 2009, ìdílé tó ní ọmọ tó fẹ́ wọ girama bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí sínágọ́gù. Òfin ọjọ́ Ìsinmi wọn kò sì gba kíkọ nǹkan sílẹ̀, nítorí náà sínágọ́gù ní láti wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi mọ ẹni tó wá láìfi bírò kan ìwé. 

Nínú ìdílé mìíràn, olùkọ́ ní iléèwé náà gan-an ni ìyá. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ló ti di Júù, lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ àwọn rábì Ọ́tódọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àwọn rábì ní Lọ́ńdọ̀nù kò gba ìyẹn wọlé, wọn kò sì gba ọmọ rẹ̀ sí iléèwé tí ìyá ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo mú un wá kí a má baà rò pé ìjà láàárín Ọ́tódọ́ọ̀sì àti àwọn tó kù nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ibi tí àṣẹ wà ni. Nígbà tí òbí ń fi owó orí rẹ̀ sin ìlú, tí ọ́fíìsì kan tí kì í ṣe ti ìjọba sì ń pinnu pé ìyá ọmọ kò tíì di ohun tó ní òun dì, tí kò sì sí ibi tí òbí yìí lè gbé ẹ̀sùn sí nínú ètò ẹ̀kọ́, ohun kan ti wọ́.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Britain ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní oṣù October 2009 ni. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ M, adájọ́ mẹ́sàn-án ló sì jókòó lé e lórí. December 16 ni wọ́n dájọ́. Márùn-ún nínú wọn, Lord Phillips àti Lady Hale wà lára wọn, sọ pé ìdẹ́yẹsí tààrà ni, nítorí ìran. Méjì, Lord Hope àti Lord Walker, sọ pé kì í ṣe tààrà, ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà, ṣùgbọ́n iléèwé kò lè fi hàn pé ohun tó ṣe kò kọjá ìwọ̀n. Méjì tó kù, Lord Rodger àti Lord Brown, sọ pé iléèwé kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ohun tó jọ mí lójú nínú ìdájọ́ àwọn márùn-ún ni pé wọ́n ṣọ́ra gidigidi láti má pe ẹnikẹ́ni ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Wọ́n sọ ọ́ kedere pé Olórí Rábì àti iléèwé ń ṣe ohun tí ìgbàgbọ́ wọn ní kí wọ́n ṣe, láìní ìkà nínú. Lord Phillips tiẹ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí àléébù wà nínú òfin fúnra rẹ̀. Àmọ́ òfin ìdẹ́yẹsí kì í wo inú ẹni tó ṣe é. Ohun tó fi yan èèyàn ló ń wò. Ká ní iléèwé kan wà tí owó ìjọba ń gbé ró, tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Ifá. Ọmọ kan wà tí babaláwo bí, tí kò mọ ẹsẹ Ifá kan. Òmíràn wà, ọmọ àlejò, tó ti ń kọ́ odù láti kékeré lọ́dọ̀ awo tí àwọn onílé kò kà kún awo. Bí iléèwé bá gba ti àkọ́kọ́ tó sì lé èkejì, ó lè tọ́ka sí Ifá bí ìdí tó fi ṣe é. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló wò lára ọmọ méjèèjì. Ohun tí àwọn márùn-ún rí nìyẹn, mo sì gbà pé wọ́n rí i dáadáa. Kò sí ohun tí M lè ṣe lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, nínú gbogbo ohun tí ẹ̀sìn ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ, tí ìlẹ̀kùn yẹn yóò fi ṣí fún un ní September.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ Lord Rodger sẹ́yìn. Ó ní èsì tí àwọn márùn-ún mú jáde ṣàjèjì, pé láti ìgbà yẹn lọ, iléèwé Júù kò ní lè fi òfin Júù mọ Júù mọ́, wọn yóò fi ìwọ̀n tí wọ́n hùmọ̀ láti tẹ́ ilé ẹjọ́ lọ́rùn rọ́pò òfin tó ti wà fún ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Òótọ́ ni. Èèyàn tó bá bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn yóò rí i pé ohun kan sọnù. Ilé ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn wá pàṣẹ bí wọn yóò ṣe mọ ọmọ wọn ní ẹnu ọ̀nà iléèwé tí bàbá ńlá wọn fi owó ara wọn dá sílẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo ní sí i, n kò sì rò pé ó kéré: àwọn bàbá ńlá dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń bọ́ ọ báyìí. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun nìkan máa ṣẹ lẹ́nu ọ̀nà lè fi owó òun nìkan ṣe iléèwé. Nígbà tó ti gba owó mi, ó ti gbà kí n béèrè ohun tó fi lé ọmọ mi.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti fi irú ìlà yìí sílẹ̀ ní abala 38. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má dí ẹlẹ́sìn lọ́wọ́ láti kọ́ ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn, ní iléèwé tí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo bùkátà rẹ̀. Àpò owó ló fi pààlà. Ìjà híjáàbù tó mú kí ìjọba Kwara ti iléèwé mẹ́wàá pa ní Ìlọrin ní 2021 wá láti ibi tí a kò ti pa ààlà náà mọ́: àwọn ìjọ ní àwọn làwọn ni iléèwé, ìjọba ní òun lòun ń sanwó, ọmọ wà níta. N kò ní wọ inú ìyẹn síwájú sí i, ó tó ìtàn tirẹ̀.

Kí ni ìlànà tuntun ṣe fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù? Ó ṣí ọ̀nà fún irú M. Ó tún gbé ìṣòro mìíràn wá, èmi kò sì lè fi bò nítorí pé mo fara mọ́ ìdájọ́. Nígbà tí lílọ sí ìsìn bá di owó tí a fi ń ra àyè, ẹni tó ní àkókò ló ní owó. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó, tó ń jáde níbi iṣẹ́ ní àárọ̀ Sunday, kò lè fọwọ́ sí ìwé ìsìn bí ìyá tó jókòó sílé. Mo mọ ìyá bẹ́ẹ̀ láàárín tiwa, wọ́n pọ̀. Ìjọ Áńgílíkà àti Kátólíìkì ti ń lo irú ìwọ̀n yìí tipẹ́, gbogbo ẹni tó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló sì mọ ìdílé tó ń lọ sí ìjọ kan déédéé fún ọdún méjì, tí wọn kò sì tún rí wọn mọ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti wọlé. Wọ́n ti sọ ìjọsìn di gbèsè tí a ń san, ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣe léṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba pé iléèwé tí owó ìlú ń gbé ró kò yẹ kí ó fi ẹ̀sìn ti ìlẹ̀kùn rárá. Kí ó kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tó dá a sílẹ̀, kí ó ṣe ìsìn rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ jáde, ṣùgbọ́n kí ó gba ọmọ ní bí ilé rẹ̀ ṣe súnmọ́ iléèwé sí. Àwọn iléèwé ẹlẹ́sìn irú èyí tí wọ́n ń pè ní free school (iléèwé tuntun tí owó ìjọba ń gbé ró, tí kò sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀) ti ń ṣe ìdajì rẹ̀ láti 2010: bí àwọn tó ń bèèrè bá pọ̀ jù, ìdajì àyè nìkan ni wọ́n lè fi ẹ̀sìn yàn, ìdajì kejì wà fún gbogbo ayé. Kò sí èyí tí ó bàjẹ́ nínú ẹ̀sìn wọn nítorí rẹ̀.

Títí tí òfin yóò fi yí padà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ẹjọ́ M bèèrè lọ́wọ́ yín.

Pásítọ̀ tí òbí bá gbé fọ́ọ̀mù wá bá, ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí ni kí ẹ fọwọ́ sí. Bí ìjọ yín kò bá ní ìwé tí ẹ fi ń kọ orúkọ àwọn tó wá síbi ìsìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ má dúró di October tí gbogbo òbí yóò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlànà ìgbàwọlé ní England kò gba iléèwé láàyè láti fi owó tàbí iṣẹ́ tí òbí ṣe fún ìjọ yan ọmọ. Nítorí náà, ìdámẹ́wàá òbí, ọrẹ rẹ̀, àti gbígbá tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì kò ní nǹkan ṣe nínú lẹ́tà yín. Mo ti rí lẹ́tà tó kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun ń ṣe òbí lóore. Ẹ kọ ìgbà tí ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í wá, iye ìgbà tí wọ́n ń wá lóṣù, kí ẹ sì dúró níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ka ìlànà iléèwé kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù girama tí ẹ ń fi sílẹ̀ ní October 31. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọn yóò ṣe bí àyè kò bá kárí, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń béèrè ìwé ìrìbọmi pẹ̀lú ọjọ́ orí tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn kan gba ìjọ èyíkéyìí tó bá wà nínú Churches Together in England, ẹgbẹ́ tó kó onírúurú ìjọ pọ̀, àwọn kan kò gbà á. Bí ìlànà náà fúnra rẹ̀ bá burú lójú yín, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn March kò ní lè ràn yín lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí wọn kò ṣe lè ran E lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ Schools Adjudicator ni ẹ ti máa gbé e, ọdún tó ṣáájú èyí tí ọmọ yóò wọlé ni, kí May 15 tó kọjá.

Ìgbìmọ̀ alábòójútó ló ni iṣẹ́ tó wúwo jù. February 28 ọdọọdún ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti pinnu ìlànà, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ a sì fọwọ́ sí ti ọdún tó kọjá láì kà á. Ní ìpàdé January, kí ẹnìkan nínú yín tó mọ Yorùbá, Pólándì tàbí Sòmálì nílé ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè, kí ó sì bèèrè nípa ọmọ kan tí ẹ kò mọ ìran rẹ̀: kí ni ọmọ yìí lè ṣe láàárín ìsinsìnyí àti October tí yóò fi tó ohun tí a kọ yìí? Ìlà tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé kò sí ohun tó lè ṣe, ẹ fi lé agbẹjọ́rò lọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.